Àwọn Tó Wá Kí Mi Kú Ewu

Ìlú Ara ni ìyá mi ń gbé. Láti Ẹdẹ síbẹ̀, èèyàn ò ní jókòó pẹ́ nínú kẹ̀kẹ́ kó tó dé. Síbẹ̀, èmi ò lè lọ.

Ojú ọ̀nà yẹn ni tìpá tó kó iyanrìn ti gbá kẹ̀kẹ́ wa lọ́sàn-án gangan. Ọmọkùnrin tó ń wa kẹ̀kẹ́ náà kú lójú mi. Èmi, apá ló dá. Orí ló kó mi yọ, mo mọ̀. Mi ò tíì fìdí kalẹ̀ nílé tí agboolé fi kún. "Ẹ kú ewu o! Ọlọ́hun ò ní jẹ́ a rí irú ẹ̀ mọ́!" Wọ́n á jókòó, wọ́n á mu omi, wọ́n á wá ní, "Báwo gan-an ló ṣe ṣẹlẹ̀?" Mo máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: fèrè tìpá, iyanrìn tó dà lé mi lórí, ẹsẹ̀ ọmọkùnrin yẹn tó ń gbọ̀n. Bí àwọn ará ilé ọkọ mi bá ṣe ń dìde, ẹgbẹ́ àsàlátù wa á dé. Ẹni tó bá pẹ́ dé á ní kí n padà sẹ́yìn, òun ò gbọ́ ibi fèrè. Àyà mi á máa lù kìkìkì, ẹnu mi á gbẹ, mo ṣì ń sọ ọ́. Ta ló ń lé ẹni tó wá kí i?

Nígbà tí oorun kọ̀ tí kò wá, mo lọ rí dókítà. Ó ní tí ẹ̀rù bá ba èèyàn, ara máa ń tú oje kan sínú ẹ̀jẹ̀, họ́mọ́ònù ni wọ́n ń pè é, òun ló ń sọ fún ọpọlọ pé kó má gbàgbé. Ó ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń sọ ọ́ tí àyà mi ń já, oje yẹn tún ń jáde, ẹ̀rù náà tún ń jinlẹ̀ sí i, bí ojú ọ̀nà oko tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ tẹ̀ tí koríko ò hù níbẹ̀ mọ́. "Mà, ẹ má tíì máa sọ ọ́ fún àwọn tó ń wá kí yín, ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ ná."

Inú bí mi. "Dókítà, ṣé ilẹ̀ yìí kọ́ ni wọ́n ti bí yín ni? Ẹ lọ sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pé kí wọ́n má kí mi!" Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ oògùn fún mi. Oorun ń wá báyìí. Ẹ̀rù ò lọ.

Ẹsẹ̀ ìyá mi ti rọ, wọn ò lè wá. Fóònù ni wọ́n fi ń pè mí. "Ọmọ mi, ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?" Màá ní rárá o, Màámi, mò ń bọ̀. Mo dé gáréèjì, mo gbé ẹsẹ̀ kan sínú kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ńlá kan fọn fèrè. Nígbà tí mo lajú, ilẹ̀ ni mo wà, wọ́n ń bu omi sí mi lórí. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ́jọ́ mìíràn, mi ò kọjá ilé epo.

Àárọ̀ Jímọ̀ kan ni àbúrò mi pè. Màámi ti lọ. Wọn kì í tọ́jú òkú Mùsùlùmí pa mọ́. Kí oòrùn tó yẹ̀, wọ́n ti sin wọ́n. Ọkọ mi gbé mi sínú mọ́tò ká lè bá ìsìnkú, mo ké títí àwọn èèyàn fi ní kó sọ̀ mí kalẹ̀. Ó dùn mí wọ egungun.

Nírọ̀lẹ́, agboolé tún kún. "Ẹ kú àfẹ́kù o." Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi. Ìyá àgbà kan sún mọ́ mi, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Wọ́n ní o ò lè dé ibi ìsìnkú, pé ìjàm̀bá ọjọ́sí ni. Báwo gan-an ló ṣe ṣẹlẹ̀?"

Àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.