Eyín Tí Gbohùngbohùn Ní Kí Wọ́n Yọ

Ọkọ àbúrò mi ni gbogbo èrò ibùdókọ̀ ojú irin wa ń pè ní Gbohùngbohùn. Òun ló ń kéde ọkọ̀ tó ń bọ̀ àti èyí tó ń lọ. Èmi ń ta tíkẹ́ẹ̀tì nísàlẹ̀, òun wà nínú yàrá onígíláàsì lókè orí mi, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi ọdún mọ́kànlá gbọ́ ohùn rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láìríbi sá sí. Ohùn náà dára, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ẹni tó ni ín rò pé bí òun bá pa ẹnu mọ́, ọkọ̀ ojú irin kò ní mọ̀nà.

Kò sí ohun tí kò mọ̀. Ó mọ ọkọ̀ wà ju awakọ̀ lọ, ó mọ ọbẹ̀ sè ju àbúrò mi tó ń sè é fún un lọ. Èyí tó wá burú jù ni pé kò gbà pé nǹkan lè dun ènìyàn. Lọ́dún tí ẹ̀yìn dá àbúrò mi dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ní, "Ọ̀lẹ ló ń ṣe ọ́, kì í ṣe ẹ̀yìn."

Eyín wá mú òun náà. Omi tútù ló kọ́kọ́ ń ta á, fìrí báyìí, á sì ti lọ. Ó ní afẹ́fẹ́ ni. Nígbà tó yá, ó di tíì gbígbóná: bí tíì bá ti kàn án lẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kì, kì, kì, fún odidi wákàtí kan. Lẹ́yìn ìyẹn, eyín ò dúró de tíì mọ́. Ọkùnrin á kàn jókòó jẹ́jẹ́, ìrora á gbéra sọ. Omi tútù tó ń ta á tẹ́lẹ̀ ló wá di oògùn. Ó ń gbé ìgò omi dídì lọ sẹ́nu iṣẹ́, á fi omi sẹ́nu, á tọ́jú rẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí omi náà bá sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìyà tún dé. Àwa náà ń gbọ́ ọ lórí ẹ̀rọ: "Ọkọ̀ aago mẹ́wàá," gbulugbulu, "ti fẹ́ gbéra," gbulugbulu. Àwọn èrò ń wojú ara wọn. Inú mi dùn, kí n sọ òótọ́.

Àbúrò mi ní kó lọ rí dókítà eyín. Ó pòṣé. "Eyín tó wà lẹ́nu mi, ta ló fẹ́ wá fi hàn mí?" Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń yọ eyín lẹ́yìn ibùdókọ̀ ló gbà lọ, ẹni tí kò ní ju àga kan àti ẹ̀mú méjì lọ. Kò tiẹ̀ jẹ́ kó wo ẹnu òun. Ó tìka bọ ẹnu fúnra rẹ̀, ó fi kan eyín ẹ̀yìn kan nísàlẹ̀: "Èyí ni. Yọ ọ́." Wọ́n yọ ọ́. Ó fi bébà wé e wálé, ó gbé e ka iwájú àbúrò mi bí ẹni tó pa ejò. Eyín náà funfun, ó mọ́ tónítóní, kò ní ihò kankan. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tún ti ń sọ kì.

Lọ́jọ́ kẹta, ó ń ka orúkọ àwọn ibi tí ọkọ̀ máa dúró sí lọ́wọ́, ló bá ké sínú ẹ̀rọ: "Yéè! Ìyá mi o!" Gbogbo ibùdókọ̀ gbọ́. Mo gòkè lọ bá a, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Èmi ni mo fà á dé ilé ìwòsàn eyín.

Ọmọbìnrin kan tó ṣeé ṣe kó má tíì pé ọgbọ̀n ọdún ló jáde sí wa. Gbohùngbohùn ń wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Dókítà dà?"

"Èmi ni, bàbá. Ẹ jókòó."

"Wò ó, ọmọ yìí, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò yìí ni. Yọ ọ́, kí n máa lọ."

"Mi ò tíì fẹ́ yọ nǹkan kan. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín, ṣé kíá ló ń lọ àbí ó ń pẹ́?"

"Ó ń pẹ́."

"Ohun gbígbóná ló ń jí i, omi tútù ló ń mú un rọlẹ̀?"

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ìgò ọwọ́ yín ni."

Dókítà fi ìdí dígí kékeré tó fi ń wo ẹnu kan àwọn eyín náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó dùn ju èkejì lọ. Ó wá mú nǹkan kan gbóná díẹ̀, ó ń fi í kàn wọ́n láti ìsàlẹ̀. Kò sí nǹkan. Ó dé eyín òkè kan tí wọ́n ti dí láti ọjọ́ pípẹ́, Gbohùngbohùn di àga mú: "Ìsàlẹ̀! Ìsàlẹ̀ ló wà!" Bẹ́ẹ̀, òkè ni ọwọ́ dókítà wà.

Dókítà gún ìdí eyín òkè nìkan lábẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora. Láìpẹ́, ìrora ìsàlẹ̀ pòórá. Gbohùngbohùn fi ọwọ́ tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wò.

"Ẹran rírọ̀ kan wà nínú eyín," ni dókítà sọ, "ẹ̀jẹ̀ àti iṣan wà nínú rẹ̀. Eyín ti jẹrà lábẹ́ ohun tí wọ́n fi dí i, ẹran náà ti wú, kò sì ríbi wú sí, torí eyín tó le ló yí i ká. Iṣan òkè àti ti ìsàlẹ̀ jọ ń gba ọ̀nà kan lọ sí ọpọlọ ni, ìyẹn ló ń tàn yín. Kò lè jinná fúnra rẹ̀ mọ́. Màá ṣí i, màá kó ẹran náà kúrò, màá sì dí i. Eyín á dúró."

"Èyí tí wọ́n yọ ńkọ́?"

"Nǹkan kan ò ṣe ìyẹn."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mi ò lè mú un mọ́ra.

Dókítà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ Gbohùngbohùn ní ọkọ̀ aago kan ń dúró de òun. Wọ́n fi sí Ọjọ́bọ̀. Dókítà kìlọ̀ fún un pé: "Bó bá dákẹ́ lójijì, ẹ má yọ̀ o. Ẹran inú rẹ̀ ló kú, kì í ṣe pé ara ti yá."

Eyín náà dákẹ́ lójijì ní Ọjọ́rú. Gbohùngbohùn kò lọ ní Ọjọ́bọ̀. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá dúró gbọ́ pé àìbẹ̀rù ni òun fi ṣẹ́gun rẹ̀, pé ọmọdé yẹn kàn fẹ́ fi òun kọ́ṣẹ́ ni. Lọ́jọ́ kejìlá, ojú rẹ̀ wú bí búrẹ́dì inú omi, ojú òsì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, kò sì lè jẹ́ kí eyín òkè kan tìsàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó fà á lọ lọ́tẹ̀ yìí, èmi kàn tẹ̀ lé e ni. Dókítà ò bá a wí rárá. Ó ṣí eyín náà, ọyún tú jáde, òórùn rẹ̀ lé mi síta. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló lọ kí iṣẹ́ tó parí. Eyín náà ṣì wà níbẹ̀.

Ní gbogbo ọjọ́ tí kò fi wá síbi iṣẹ́, obìnrin tó ń gbálẹ̀ ibùdókọ̀ ló ń kéde. Ọkọ̀ ń lọ lásìkò, ẹnikẹ́ni ò béèrè ẹni tó kúrò níbẹ̀. Nígbà tó padà, kò dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé ó fi ẹ̀rọ sún mọ́ ẹnu jù.