Ẹni Tó Gbin Kòkó Àpòmù

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí agbè omi kan ṣoṣo ń tẹ̀ mí lọ́rùn, ẹ̀yin ọmọ mi, Ìkirè là ń gbé, ṣùgbọ́n Àpòmù ni oko ìyá mi wà, lórí ilẹ̀ bàbá wọn. Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ló ní kí ìyá mi máa fi ilẹ̀ náà dáko jẹun: ẹ̀gẹ́, ilá, àgbàdo. Igi ni wọn kò gbọdọ̀ gbìn, torí láyé ìgbà náà, ẹni tó bá gbin igi ti fẹ́ di onílẹ̀ nìyẹn, obìnrin kì í sì í di onílẹ̀.

Ìyá mi gbin kòkó. Abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi í pamọ́ sí. Èmi ni mo ń pọn omi sí i lẹ́ẹ̀rùn, ọrùn á máa ro mí títí. Kí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn tó mọ̀, kòkó ti ń so. Kíá, wọ́n gbé ìyá mi lọ sí kóòtù ìbílẹ̀.

Kí a tó lọ, ìyá mi pè mí. “Bí wọ́n bá bi ọ́, bàbá àgbà ló gbìn ín kí wọ́n tó kú. Ṣé o gbọ́?” Irọ́ ni, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ bàbá àgbà ló gbìn ín, ogún ni, ìyá mi á ní ìpín tiwọn níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ìyá mi fúnra wọn ni, oko ti lọ.

Mi ò lè dúró jẹ́ẹ́ ní kóòtù náà. Mò ń họra, mò ń fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀, mò ń wo àwọn àgbà tó jókòó síwájú. Kò sí obìnrin kan láàárín wọn. Ọ̀kan bi mí ta ló gbin kòkó. Mo ní bàbá àgbà ni. Ni ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi, alárèékérekè ọkùnrin, bá bú sẹ́rìn-ín.

“Òótọ́ lọmọ yìí sọ. Kòkó tó so wọ̀ǹtìwọnti báyìí, ṣé iṣẹ́ obìnrin nìyẹn? Kí ni ìyá ẹ mọ̀ ju ilá lọ?”

Inú bí mi. Gbogbo bí ọrùn ṣe ń ro mí!

“Ìyá mi ló gbìn ín! Èmi ni mo pọn omi sí i!”

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọ́n gba oko náà. Bí a ṣe ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ ní Ìkirè, mò ń sunkún, ìyá mi kò nà mí. “Òótọ́ lo sọ,” ni wọ́n wí. Ìbá sàn kí wọ́n nà mí. Títí dòní, bí ọkọ̀ bá gbé mi dé Àpòmù, ara mi kì í lélẹ̀ títí a ó fi kọjá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ lọ́yà ka ìwé kan sí mi létí. Ó ní òfin táwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ wa ń gbé yẹ̀ wò ni: obìnrin tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbin nǹkan sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, tirẹ̀ ni, kó ṣáà ti ní ẹlẹ́rìí. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Ó ní, “Màmá, kí ló dé?”

Ayé ti yí, mo gbà. Ẹ̀rí tó gba oko lọ́wọ́ ìyá mi nígbà yẹn ni òfin yìí ń béèrè báyìí. Ẹlẹ́rìí wà o. Ó ti jẹ́rìí. Ó kàn tètè jẹ́ ẹ ni.