Èémí Mi Tó Ń Gbàgbé Iṣẹ́ Rẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Kétu níbí, ní ọdún kejì tí a gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé. Ọ̀rọ̀ náà kò gba ìkánjú. Ẹni tó bá gbé ẹ̀kọ léná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná.

Akọ̀pẹ ni mí. Láti kékeré ni mo ti ń fi igbà gun ọ̀pẹ, tí mo ń kọ ẹyìn. Ní ọjọ́ kan, ní oko wa lọ́nà Òpómẹ́ta, igbà já. Ọrùn ni mo fi kọ́kọ́ balẹ̀! Ọpẹ́ ni pé n kò kú. Oṣù mẹ́ta ni mo fi wà lórí ẹní. Nígbà tó yá mo dìde, mo ń rìn, mo ń jẹun, gbogbo ayé sì sọ pé ara mi ti yá.

Ṣùgbọ́n oorun ò bá mi ṣọ̀rẹ́ mọ́. Tí mo bá ti sùn, èémí mi á máa fà díẹ̀díẹ̀, á wá dákẹ́. Dákẹ́ pátápátá! Lẹ́yìn náà ni màá ta gìrì jí, bí ẹni tí wọ́n fà jáde nínú odò. Bí ilẹ̀ bá mọ́, orí á máa fọ́ mi. Bí mo bá jókòó jẹun, oorun á gbé mi lọ tòun ti òkèlè lọ́wọ́. Àwọn kan ní àwọn ayé ló ń jókòó lé mi láyà. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni mí. Ẹ gbọ́ ná, ta ló ń ṣe ọ̀lẹ sí èémí ara rẹ̀?

Ìyàwó mi, Ìyá Àìná, di ẹrù. Ó fà mí lọ́wọ́, ó di Àjàṣẹ́, nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó kún fún àgbàdo. Dókítà ilé ìwòsàn ibẹ̀ tẹ ọrùn mi, ó tẹ àyà mi, ó ní kí n dùbúlẹ̀ kí n mí. Ó wá ṣàlàyé pé okùn tín-ín-rín kan wà lọ́rùn ènìyàn tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí abẹ́ àyà pé kó mí. Tèmi ti fara gbọgbẹ́ lọ́jọ́ tí mo já bọ́. Tí mo bá lajú, mo lè fi agbára fa èémí. Tí mo bá sùn, iṣẹ́ tí ọpọlọ rán kì í dé ibi tó ń lọ. Ó ní kò sí oògùn tó lè so okùn náà padà.

"Mùsíè," bí àwọn Faransé ṣe ń pe ọkùnrin nìyẹn, "má fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́ láé. Kí wọ́n máa fi ìrọ̀rí gbé ọ sókè. Kí ẹnì kan sì máa tẹ́tí sí ọ. Bí o bá dákẹ́, kó jí ọ kíákíá."

Ìyá Àìná rán ìrọ̀rí mẹ́ta, ó ki òwú àràbà sí wọn. Ó wá ń tẹ́tí sí mi bí ìgbà tí abiyamọ ń tẹ́tí sí ìkókó. Bí mo bá dákẹ́, á fi ìgúnpá gún mi: "Bàbá Àìná, ẹ mí!" Màá sì mí. Ọkọ wo ni wọ́n ń pàṣẹ èémí fún nínú ilé rẹ̀? Èmi ni!

Ẹ mọ̀ pé ìyàwó ilé wa kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Òjó ni èmi ń jẹ́, nítorí ìwọ́ kọ́ mi lọ́rùn wáyé. (Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ èmi àti ọrùn ti pẹ́!) Ìyá Àìná wá mú èèwọ̀ yìí le ju ẹnikẹ́ni lọ. Òjò tó ń rọ̀ pàápàá, kì í pè é ní òjò, nítorí ó fara jọ orúkọ mi. "Omi ọ̀run" ló ń pè é. Bó bá ti ọjà dé tí aṣọ rẹ̀ rin gbingbin, àwọn ìyàwó kékeré á mọ̀ọ́mọ̀ bi í pé, "Ìyá Àìná, kí ló pa yín báyìí?" Á ní, "Omi ọ̀run ni, ẹ̀yin aláìníṣẹ́." Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo ti oko dé, ó rẹ̀ mí. Mo ní kí n fara ti ògiri díẹ̀. Oorun gbé mi, mo yọ̀ sílẹ̀, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja. Ìyá Àìná ń fọ abọ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Ó ní ìdákẹ́jẹ́ mi lòun gbọ́. Ó sáré wọlé, ó rí i pé ètè mi ti dúdú. Ó gbé mi jókòó, ó gbá mi létí, ó ń ké, "Bàbá Àìná! Bàbá Àìná!" N kò mira. Ìgbà náà ló la ẹnu, tó fi gbogbo agbára rẹ̀ ké:

"Òjóóó! Òjóóó o!"

Ẹ̀yin ará, mo gbọ́! Ó dà bí ìgbà tí ìyá mi ń pè mí láti ọ̀nà odò. Mo fa èémí, mo lajú.

Èmi nìkan kọ́ ló gbọ́. Gbogbo agbo ilé gbọ́, òjò ni wọ́n sì gbọ́! Wọn ò tilẹ̀ rántí pé Ìyá Àìná kì í pe òjò. Ẹni tó sá láfún kì í dúró ronú. Ọ̀kan ń kó láfún, ọ̀kan ń gbá ata jọ, ìyàwó kan gbé odindi ẹní àgbàdo rù wọlé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, dúró láàárín àgbàlá, ó gbójú sókè.

"Òjò dà? Nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí? Ta ló ń purọ́ mọ́ Ọlọ́run?"

Wọ́n rọ́ wọlé, wọ́n bá Ìyá Àìná tó dì mí mú. Ó kúnlẹ̀, omijé bọ́.

"Ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin ọkọ mi. Orúkọ wọn ni mo pè."

Ní agbo ilé tiwa, ìyàwó tó bá pe ọkọ lórúkọ, ilé bàbá rẹ̀ ló ń padà sí, títí àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò fi wá bẹ̀bẹ̀. Ó lè tó oṣù kan. Ta ni yóò máa tẹ́tí sí mi fún oṣù kan? Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, èémí ò tíì tó mi í sọ ọ́.

Ìyá Àgbà wo ètè mi títí. Ó ní, "Ó dákẹ́ tó báwo?"

"Ó tó kéèyàn fọ abọ́ méjì, ìyá mi."

"O pè é, ó jẹ́?"

"Ó jẹ́, mà."

Ìyá Àgbà mí kanlẹ̀. "Èmi ni mo gbé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìkómọ. A ò sọ ọmọ lórúkọ kí orúkọ máa jókòó lásán. Kó lè jẹ́ tí a bá pè é ni. Tó bá lajú, Bàbá Àìná ni. Tó bá dákẹ́ lójú oorun, ìwọ ni ìyá rẹ̀. Pè é!" Ó yíjú sí àwọn ìyókù. "Ẹ̀yin náà, ẹ lọ sá láfún yín padà!"

Ìgbà tí ara tù wá, mo bi Ìyá Àìná bó ṣe rí lẹ́nu rẹ̀, orúkọ tí kò pè rí. Ó fi ìborùn bojú, ó ní, "Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí."

Ohun tí mo kọ́ rèé: àìsàn tí ojú oorun ń fi pa mọ́ fún ẹni tó ń sùn, ẹni tó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń gbọ́ ọ. Ẹ má tijú, ẹ sọ fún àwọn ará ilé yín, ẹ sì lọ rí dókítà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Bí èémí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń dákẹ́ bíi tèmi, kó sọ tirẹ̀ fún wa: ta ló ń pè é padà, orúkọ wo ló sì fi ń pè é?