Irọ́ tí mo pa fún Ìyá Àgbà ní sinimá Dùgbẹ̀

Wọ́n ti tún ilé sinimá àtijọ́ ní Dùgbẹ̀ ṣí, wọ́n sì ń ta kọfí lẹ́nu ọ̀nà bíi tàtijọ́. Òórùn kọfí yẹn ló rán mi létí ọ̀sán tí mo mú ìyá àgbà mi, tí ojú wọn ti fọ́, lọ wo fíìmù Íńdíà níbẹ̀. Èmi ni mò ń ròyìn rẹ̀ sí wọn létí.

"Àbẹ̀kẹ́, kí ni ọmọbìnrin yẹn ń ṣe báyìí?"

"Ó ń jó nínú òjò, Màmá."

"Nínú òjò? Ìyá rẹ̀ dà?"

Nígbà tí ọmọbìnrin náà kú, n kò fẹ́ kí wọ́n sunkún. Mo ní, "Ó ti jí, Màmá."

Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "A dúpẹ́ o."

Ó pẹ́ kí n tó rántí pé gbogbo gbọ̀ngàn ló ń sunkún lọ́jọ́ náà, àti pé ojú ìyá àgbà mi ló fọ́, etí wọn kò di.