Ẹ́ńjìnnì Tútù Ni Baba Rọra Gbà Gbọ́

Lọ́jọ́ tí irin abẹ́ ọkọ̀ ọkọ mi kán, ilẹ̀kùn àti fèrèsé onígíláàsì ló kó sẹ́yìn rẹ̀. Gíláàsì kan ò fọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ náà, ó fi ọwọ́ ti eékún dìde, ó sì ní, "Ó ti gbìyànjú." Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nídìí òkú àgbà. Lẹ́yìn náà ló jókòó sétí ọ̀nà, ó ń dúró de ẹni tó máa bá a gbé ẹrù ẹlẹ́rù dé ibi tó ń lọ.

Baba Rọra ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gbé ilẹ̀kùn, férémù àti gíláàsì láti ṣọ́ọ̀bù àwọn káfíńtà lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, "ẹ rọra" sì ni ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ó ń sọ ọ́ fún alágbàṣe, fún awakọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn, fún kòtò ojú ọ̀nà pàápàá. Ó sọ ọ́ fún èmi náà nígbà tí mo ń rọbí àkọ́bí wa, mo sì bi í bóyá òun ló fẹ́ bá mi bí i. Ilẹ̀kùn tó ti gbé fún ènìyàn á tó dí odindi ìlú. Ti yàrá wa, ẹsẹ̀ la fi ń tì í kó tó lè pa dé.

Àwọn ọmọ wa ti dàgbà, kálukú ti wà nílé tirẹ̀. Wọ́n pè lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí Dádì lọ sinmi, pé ó ti tó gẹ́ẹ́. Èyí ọkùnrin tó wà lọ́nà jíjìn ní kó kúkú ra tuntun, bí ẹni pé orí igi ni tuntun ń so sí. Kò sí ẹni tó bèèrè ohun tí a ó máa jẹ nígbà tó bá ń sinmi. N ò dá wọn lẹ́bi. Ọmọ tó ti kúrò nílé máa ń rò pé ìkòkò ń dá hó ni.

Ohun tó wà nílẹ̀ ò pọ̀. Owó tí a tọ́jú kò lè ra ju ọkọ̀ àlòkù kan lọ, èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀ pàápàá. Bí a bá fi ra èyí tí kò dáa, kò sí òmíràn mọ́ láyé wa. Àwọn káfíńtà tó ń gbé iṣẹ́ fún un sì ti ní àwọn á dúró dè é títí òjò á fi bẹ̀rẹ̀. Tí òjò bá bá a láìlọ́kọ̀, ẹlòmíràn ni wọ́n máa pè. Ta ló sì máa gba awakọ̀ tó ń di eékún mú kó tó gun ọkọ̀?

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá píkọ́ọ̀pù oní-dísẹ́ẹ̀lì kiri nìyẹn. Mo ní "a" torí pé èmi ló ń bá a gbé tọ́ọ̀ṣì. Kò sí ìyọnu nínú kíkúnlẹ̀ rẹ̀, dídìde ni wàhálà, ó sì nílò ẹni tó máa fà á.

Baba Rọra kì í kọ́kọ́ wo ọkọ̀. Ilẹ̀ ló máa ń wò, ibi tí ọkọ̀ náà sùn mọ́jú, bóyá omi tàbí ọ́ìlì kán síbẹ̀. Lẹ́yìn náà á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti gbóná, á kí ẹni tó ni ín, á sì padà sílé. Ó ní ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tó ti gbóná dà bí ènìyàn tó ti wẹ̀, tó ti pa ara, tó jókòó de àlejò. Orí ibùsùn ni kí èèyàn ti bá a. Láàárọ̀ kùtù, nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ jí i, ibẹ̀ ló ti máa ń sọ òótọ́.

Báyìí ni mo ṣe kọ́ ẹ̀kọ́ tí n ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó kọ́ mi. Èéfín funfun tí kò kúrò bọ̀rọ̀, omi ti ń wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Èéfín aláwọ̀ búlúù, ẹ́ńjìnnì ń jẹ ọ́ìlì. Dúdú díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ìyẹn lè jẹ́ ìdọ̀tí lásán. A rí ọ̀kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun abẹ́ rẹ̀ lọ́dà, ó ń dán. Ọkọ mi fi òòlù kékeré gbá irin náà lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń dún kò, kò, kò, títí ó fi dé ibì kan tó dún bí páálí, òòlù sì wọlé. Òmíràn, ó tú ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, nǹkan funfun kan lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ bí ìfófò ọṣẹ, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Ó dé e padà jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ṣèèṣì ṣí balùwẹ̀ mọ́ àlejò lórí. Èyí tó tẹ̀ lé e, nọ́ńbà tó wà lára irin rẹ̀ ò bá ti inú ìwé rẹ̀ mu. Ìyẹn, a ò kí wọn pé ó dàbọ̀.

Ó ti sú àwọn tó ń tà. Ọ̀kan dúró, ó ń wo bí ọkọ mi ṣe ń fọwọ́ tẹ táyà wò, bó ṣe ń mi ọkọ̀ lẹ́yìn láti mọ̀ bóyá síbíríńgì rẹ̀ ṣì lágbára, ó ní, "Baba, ọkọ̀ lẹ fẹ́ rà, àbí ìyàwó lẹ fẹ́ fẹ́?"

"Mo ti ní ìyàwó," ni ọkọ mi wí láti abẹ́ ọkọ̀. "Òun ló gbé tọ́ọ̀ṣì yẹn."

Tó bá délé, á jókòó létí ibùsùn tòun ti bàtà. N ò ní bi í ní nǹkankan. Mo máa ń sọ fún Ọlọ́run nínú àdúrà mi pé n kò bèèrè kẹ̀kẹ́ iná Èlíjà. Píkọ́ọ̀pù tí kò rú èéfín ti tó wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí àkọ́bí wa obìnrin fi pè. Ọmọ ọ̀gá kan tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ìkọ́lé ni ọkọ rẹ̀. Ó ní bàbá ọkọ òun fẹ́ ta píkọ́ọ̀pù rẹ̀, pé òun ti bẹ̀ ẹ́ níwájú àwọn àlejò pé kó fi í sílẹ̀ fún Dádì, ó sì ti gbà. Inú ọmọ náà dùn débi pé ó ń sọ̀rọ̀ kó tó mí. Ọkọ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa fóònù, ó sì mú òòlù kékeré rẹ̀, ó ń wò ó.

Mo bi í pé kí ló dé.

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi òòlù gbá abẹ́ ọkọ̀ àna mi?"

Ẹni tí àna rẹ̀ gbé oúnjẹ fún kì í kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ wò. Tó bá yẹ ọkọ̀ náà wò bó ṣe ń yẹ ti ẹlòmíràn, ó ti pè é lólè nìyẹn, ilé ìdáná ọmọ wa sì ni ọ̀rọ̀ náà máa padà sí. Tí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò, owó kan ṣoṣo tí a ní ló fi ń ta tẹ́tẹ́. Ó ń yíra títí ilẹ̀ fi mọ́, mo gbọ́ gbogbo yíyí náà, ibùsùn kan náà la jọ ń sùn.

A dé ọ̀dọ̀ wọn láàárọ̀ kùtù, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé. Òfúrufú ti ṣú bí ẹni pé òjò ń ronú. Búlọ́ọ̀kù wà lórí ara wọn káàkiri àgbàlá, ọkọ̀ náà sì dúró láàárín wọn. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, gbogbo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti rin gbìndìn, kò sí ohun tí ilẹ̀ náà lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Àna wa jáde nínú aṣọ tó mọ́. A kí ara wa títí: ilé, ọmọ, ọmọ-ọmọ, iṣẹ́, òtútù, ìrìn. Nínú ìkíni yìí ni ọkọ mi ti gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí ẹni tó kàn fẹ́ fara ti nǹkan. Mo rí i bí ọwọ́ náà ṣe dúró gbagidi. Kò gbé e kúrò kíákíá, torí ìyẹn náà á ti di ọ̀rọ̀.

Ó gbóná.

Àna wa bọ́ sínú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà bí ọmọ tí wọ́n ti kọ́ ní ohun tó máa sọ fún àlejò. Èéfín ò sí. Ó pa á, ó na kọ́kọ́rọ́ sí ọkọ mi, ó ní kó máa gbé e lọ, pé ilé kan náà ni.

Ká ní ibòmíràn ni, Baba Rọra á ti kí i, á sì ti kọjú sílé. Ṣùgbọ́n a kì í kúrò báyìí lọ́dọ̀ àna. Ó dúró, ó ń wo kọ́kọ́rọ́ náà, ojú rẹ̀ pọ́n fún àìsùn. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Àna mi, ẹ forí jì mí. Oorun ń kùn mí. Ẹ jẹ́ kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ ká tó sọ̀rọ̀."

Mo kọ́kọ́ rò pé ọgbọ́n ni. Bóyá ó sì jẹ́ ọgbọ́n títí ó fi kan àga. Kò pẹ́ tó fi ń hanrun nínú pálọ̀ wọn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, bàtà kan ti bọ́. Gbogbo oorun tó ti jẹ ara rẹ̀ ní gbèsè ló sùn síbẹ̀.

Èmi àti ìyá ọkọ ọmọ mi ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ-ọmọ wa wúyẹ́wúyẹ́. Àna wa kọjú sí fèrèsé. Á wo ọkọ̀, á wo ọkọ mi, á wo èmi. Ó ní bóyá ká jí i, kí òjò má baà ká wa mọ́. Mo ní kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ ti kán. Ọlọ́run mọ̀ pé n ò purọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n ò sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Nígbà tó yá, àna wa dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó jáde. Mo ń wò ó látojú fèrèsé. Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà, ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Tó bá yí kọ́kọ́rọ́ yẹn fún ìgbà díẹ̀, ẹ́ńjìnnì á tún gbóná, asán ni oorun ọkọ mi á já sí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà nínú, n ò sì mọ ohun tí mo ń bèèrè gan-an. Ṣé kó yí i ni, ká ra wàhálà lọ sílé tòun ti àlàáfíà, àbí kó má yí i? Ó dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà ó yọ ẹsẹ̀ náà, ó ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́, ó jókòó lórí òkìtì búlọ́ọ̀kù, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé àgbà lòun náà, pé ó ti rẹ òun náà.

Ó ti kọjá ọ̀sán kí ọkọ mi tó jí. Kò tíì wọ bàtà tán tí àna wa fi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ jẹ́ ká lọ gbọ́ ọ báyìí," ló wí.

Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ń fa ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń jí síṣẹ́ tí kò wù ú. Ó tún un yí, ó tún un yí. Nígbà tó máa gbà, ọkọ̀ náà ń gbọ̀n látòkè délẹ̀, èéfín funfun sì bo àgbàlá débi pé a ò rí àna wa mọ́, ikọ́ rẹ̀ nìkan la ń gbọ́. Ọkọ mi ṣí rédíétọ̀, omi inú rẹ̀ ń hó bí èyí tí wọ́n gbé kaná, bẹ́ẹ̀ ó tutù. Àna wa pa á. Èéfín náà ò yára lọ.

Ọkọ mi nu ọwọ́ rẹ̀. "Àna mi, ó ti rẹ ọkọ̀ yìí. Ó rẹ èmi náà. Ẹni méjì tó ti rẹ̀ ò lè gbé ara wọn."

Àna wa ò bá a jiyàn. Ó ní, "Gbígbóná ni mo bá a nígbà tí mo rà á. Ojú ẹni tó tà á ni mo wò, n ò wo ẹ́ńjìnnì." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹni tí òun kò mọ̀ rí lòun fẹ́ tà á fún. Ìgbà tí ọmọ wa bẹ̀bẹ̀ níwájú àlejò, tí òun bá ní rárá, wọ́n á ní òun ń fi ọkọ̀ du àna òun. Tí òun bá sì sọ òótọ́, ẹnu tí òun ti fi ń yin ọkọ̀ náà nínú ilé yẹn ńkọ́? Ló bá dìde ní ìdájí, ó lọ ṣáná sí i kó lè gbóná kí a tó dé. Mo wo àwọn méjèèjì. Nítorí ìtìjú, ọ̀kan ìbá ti ta àìsàn, èkejì ìbá ti rà á, wọ́n á sì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn.

Ọkọ mi ò bá a wí. Ó kàn sọ fún un pé tó bá fẹ́ ta ọkọ̀ náà, kó tà á ní tútù, ẹni tó bá rí i bẹ́ẹ̀ tó ṣì fẹ́ ẹ, òun ló ni ín. Àna wa ní òun fúnra òun lòun máa sọ fún ọmọ wa. Ó sì sọ ọ́, torí ọmọ náà pè mí lọ́jọ́ kejì, ohùn rẹ̀ ò ròkè bíi ti tẹ́lẹ̀, ó ní bàbá ọkọ òun ti bẹ òun.

Ohun tí n ò retí ni pé ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sílé wa. Ó ní òun máa bá Baba Rọra wá ọkọ̀, pé òun mọ gbogbo ọ̀nà tí wọ́n fi ń tan èèyàn, torí kò sí èyí tí wọn ò tíì fi tan òun. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì lé e lọ́wọ́, mo padà sórí ibùsùn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àna.

Àgbàlá alágbẹ̀dẹ kan ni wọ́n ti rí i, nígbà tí òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀, tí káfíńtà kan sì ti pe ẹlòmíràn. Ọkọ̀ náà burẹ́wà. Kò sẹ́ni tó fọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó kùn ún, adìyẹ ti yé ẹyin sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n bá a ní tútù, wọ́n yí i, ó húkọ́, èéfín díẹ̀ jáde, ó sì mọ́. Irin abẹ́ rẹ̀ dún kò láti orí dé ìdí. Káfíńtà tó ṣẹ́kù ló ń gbé iṣẹ́ fún un báyìí. Ẹrù ò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń tó wa.

Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ tó fi í ṣiṣẹ́, ó tún jókòó létí ibùsùn tòun ti bàtà. Mo bi í ṣé kò sí nǹkan. Ó ní ó rẹ òun. Mo ní ọjọ́ wo ni kì í rẹ̀ ẹ́.

"Àárẹ̀ iṣẹ́ lèyí," ló wí. "Kì í ṣe ti wíwá a." Ó bọ́ bàtà, ó sì sùn.