Gílóòbù Tí Bàbá Mi Wá Dé Bukuru

Òórùn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti rọ́bà tuntun ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Bukuru. Lásìkò ọyẹ́, eruku á tún dà pọ̀ mọ́ ọn, ihò imú á gbẹ, ètè á là. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Jos kò nílò kí n ṣàlàyé òtútù yẹn fún yín. Títí dòní, bí òórùn náà bá kan mí níbikíbi, ọ̀sán ọjọ́ tí èmi àti bàbá mi lọ ra gílóòbù iná iwájú ọkọ̀ ni mo máa ń rántí.

Ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Tudun Wada ni bàbá mi, aṣọ ló sì ń tà. Ọkọ̀ àtijọ́ kan ló fi ń ná àwọn ọjà abúlé láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Lẹ́yìn tí ìyá mi kú, ó di pé ó ń bá ọkọ̀ náà sọ̀rọ̀ láràárọ̀ bó bá ń nù ún, àwa ọmọ a sì máa fi ṣe é yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó kékeré nìyẹn. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní ìyàwó tí kì í béèrè owó ọbẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Lọ́dún yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn nípa iná rẹ̀. Ó ní kò tàn dé ẹ̀gbẹ́ títì mọ́, pé àárín nìkan ló ń mọ́lẹ̀. Ó ra gílóòbù tòkunbọ̀, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ra òmíràn tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù, ooru rẹ̀ yọ́ ike tí wọ́n kì í bọ̀. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀ ha ògiri ilé, ó tún kó táyà sí gọ́tà, iná náà ló sì ń dá lẹ́bi. Mẹkáníìkì rẹ̀ ní kó lọ ra ojúlówó tó bá ọkọ̀ náà mu. Bó ṣe wá gbé mi nílé mi ní Rantya nìyẹn, kí n lè bá a ka ohun wínníwínní tí wọ́n kọ sára páálí.

Ọmọ Ìlọrin bíi tiwa ni ọkùnrin tó ń tajà náà, àmọ́ Háúsá yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ. Ó kìlọ̀ fún mi pé kí n má fọwọ́ kan dígí gílóòbù, pé ọ̀rá ọwọ́ ló ń jẹ́ kó tètè jó. Mo fi bébà dì wọ́n mú nídìí, mo ń ka ohun tó wà lára páálí wọn sókè. Bàbá mi ní òun fẹ́ èyí tí iná rẹ̀ funfun.

“A'a, Baba,” ni ọkùnrin náà wí. “Funfun ò dáa fún ọyẹ́. Eruku á dá a padà sójú yín. Yẹ́lò ni kẹ́ ẹ mú, wallahi.”

“Èyí tó bá ti lè tàn dé ẹ̀gbẹ́ ni tèmi. Tàn án kí n rí i.”

Níta gbangba níwájú ìsọ̀ la dúró sí. Ọkùnrin náà fa wáyà láti ara bátìrì tó wà nílẹ̀, ó sì gbé gílóòbù náà sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká ọ̀tún bàbá mi, kó má baà tàn án sí i lójú tààrà. Ó tàn. Mo yára fọwọ́ bojú. Bàbá mi ṣì ń wo bátìrì nílẹ̀.

“Kí lò ń dúró dè?” ó ní. “Tàn án.”

Ọkùnrin náà wò mí.   Nígbà tó yá, ooru kan bàbá mi lẹ́rẹ̀kẹ́, ó fọwọ́ pa á, ó yíjú síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà sì bá a lójú, ó fà sẹ́yìn. Ó rọra dá orí padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ó tún yí i, ó tún dá a padà. 

“Ó ti pẹ́ tó ti ń tàn?” ó bi mí.

“Ó ti ṣe díẹ̀, Bàbá.”

“Allah ya sauwaƙe,” ni ọkùnrin náà wí wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń kí aláìsàn. Bàbá mi ṣe àmín. Ó ní kó di gílóòbù náà fún òun, ó sì san iye tó pè é, bàbá mi tí kì í ra ẹ̀pà láì nájà. Nígbà tí a dé ìdí ọkọ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí mi lọ́wọ́, ó sì gba iwájú ọkọ̀ yí lọ sí òdìkejì, ó ń fọwọ́ tọ ara rẹ̀ lọ.

Dókítà ojú tí mo gbé e lọ bá ní àrùn tó ń ba ojú rẹ̀ jẹ́ kì í dunni, pé ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti máa ń jẹ wọ àárín, àti pé ohun tó ti lọ kò ní padà. Kí a máa kán oògùn kí ìyókù má baà lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni bàbá mi bi í: ṣé òun ṣì lè wakọ̀? Dókítà ní rárá. Bàbá mi sunkún nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, èmi náà sì ń sunkún bí mo ṣe ń wà á lọ.

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Wọ́n ti ta ọkọ̀ náà, ẹ̀sìn ò sì jẹ́ kí bàbá mi bá Ọlọ́run jà. Èmi ni n kò tíì lè gbé ọ̀sán ọjọ́ yẹn kúrò lọ́kàn. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ẹni tí ojú rẹ̀ ń kú lọ yóò mọ̀ pé ilẹ̀ ń ṣú bá òun. Bàbá mi kò mọ̀. Ó ti ń dá wà nínú òkùnkùn yẹn tipẹ́, ó sì rò pé gbogbo wa la jọ wà níbẹ̀.