Àpótí Inú Fọ́tò

Wọ́n ṣì ń pè é ní Ọmọ Káfíńtà. Káfíńtà ti kú, ọmọ ló ń fági báyìí, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò yí padà. Kò bí i nínú. Bí wọ́n bá pè é láti ìta, á gbé ayùn sílẹ̀ kó tó dáhùn, bí ẹni tó ń dúró kí bàbá kọ́kọ́ jẹ́.

Yàrá iṣẹ́ wọn kò tóbi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń ránṣọ níwájú, òun wà lẹ́yìn pẹ̀lú ayùn àti òòlù. Lẹ́búlẹ́bú igi a máa fò bà lé aṣọ oníbàárà, ẹ̀gbọ́n a sì máa bú u tẹ̀rín-tẹ̀rín. Lábẹ́ fèrèsé ni àpótí ìjókòó kan wà. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni, kò sí ìṣó lára rẹ̀, kókó igi dúdú kan sì wà lójú rẹ̀ bí ẹyinjú. Òun ni bàbá ṣe kẹ́yìn. Ọmọ Káfíńtà kì í jókòó lé e. Ó kàn máa ń nù ún láràárọ̀.

Nígbà tí oníbàárà àdúgbò dínkù, ó gbé iṣẹ́ lọ sí ọjà orí fóònù. Fọ́tò kan ṣoṣo ló yà: àpótí bàbá, nínú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Kò ní i lọ́kàn láti rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ó fẹ́ kí àwọn tí kò mọ bàbá rí ọwọ́ rẹ̀ ni. Ó kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé òun yóò ṣe irú rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́.

Àwọn èèyàn fẹ́. Fóònù ń dún, àpótí ń jáde. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó bi í pé, bí ọjà bá ń lọ tó báyìí, kí ló dé tí wọn ò rí owó ra pákó.

Òun náà kò mọ̀. Ó mọ̀ pé àwọn tó ni ọjà ń yọ làádà tiwọn lórí àpótí kọ̀ọ̀kan. Kò mọ̀ pé wọ́n ń yọ ọ́ lórí owó ìgbẹ́rù pẹ̀lú. Òun ló ń ra páálí, òun ló ń ra téèpù. Ọ̀sán tó yẹ kó fi fági, ẹrù ló fi ń dì. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ̀fà nìkan ni Ọmọ Káfíńtà kà.

Àbọ̀ ló wá burú jù. Ọjà ti ṣèlérí fún olùrà pé bí nǹkan kò bá wù ú, kó dá a padà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀fẹ́ olùrà ni. Ẹni tó ń tà ló ń san àlọ, òun náà ló ń san àbọ̀. Ọkùnrin alùpùpù tó ń gbé ẹrù á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní ìyàwó tún ti kẹ́rù padà wálé o. Ẹ̀gbọ́n á gbójú sókè lórí ẹ̀rọ, á sì kí àpótí náà:

“Kú àbọ̀. Ṣé wọ́n fún ọ lóúnjẹ níbẹ̀?”

Wọn á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ tó sọ ọ́, Ọmọ Káfíńtà yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe ń kí bàbá nírọ̀lẹ́ nìyẹn, bó bá ru pákó wọlé. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ “kú àbọ̀” nínú yàrá yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo àwọn tó ń dá a padà ń kọ: kò jọ èyí tí mo rí.

Nígbà tó yá, ọjà kọ̀wé sí i pé bí ọ̀kan bá tún padà, àwọn yóò ti ìsọ̀ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni obìnrin kan tó ti dá tirẹ̀ padà tún kọ̀wé. Èyí tó wà nínú fọ́tò gan-an lòun ń fẹ́, ó ní, èyí tó lójú. Òun yóò sanwó rẹ̀ ní ìlọ́po méjì.

Ọmọ Káfíńtà wá páálí tó dáa. Ó dojú àpótí bàbá délẹ̀ kó lè di ẹsẹ̀ rẹ̀. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni ìka rẹ̀ ti kan ibìkan tí fáníìṣì ti tẹ̀ wọnú. Ojú àtàǹpàkò bàbá ni, tó kàn án kó tó gbẹ. Ó gbé àtàǹpàkò tirẹ̀ lé e. Kò lè gbé e kúrò.

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

“Àbúrò mi, gbọ́,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Iṣẹ́ rẹ ò burú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Bàbá lo ń polówó, ọwọ́ tìẹ lo ń fi ránṣẹ́. Ta ni ò ní dá a padà?”

“Tí mo bá yọ fọ́tò yẹn, Àǹtí mi, ta ló tún máa rí ọwọ́ Bàbá?”

“Àwa. Àbí àwa ò tó èèyàn ni?”

Ó tú páálí. Ó kọ̀wé sí obìnrin náà pé àpótí yẹn kì í ṣe títà. Ó ya fọ́tò èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn díẹ̀, tí kò sì lójú. Ìka rẹ̀ pẹ́ lórí fóònù kó tó yọ ti bàbá kúrò. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó fi owó ìgbẹ́rù, páálí, làádà àti àbọ̀ kún iye tó ń tà á.

Olùrà wọ́n bí ojú. Nígbà tó yá, ẹnì kan rà á. Ní gbogbo ọjọ́ tí ọjà fi sílẹ̀ fún dídá nǹkan padà, bí alùpùpù bá ti dún, á gbórí sókè. Ọjọ́ náà pé. Ọkùnrin alùpùpù yà lọ́wọ́ òfo, ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, ìyàwó ti fìdí kalẹ̀ nílé ọkọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èrè náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà lọ́wọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Ọmọ Káfíńtà jókòó lórí àpótí bàbá fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Alùpùpù ti lọ, kò sí ẹrù kankan lọ́nà mọ́, síbẹ̀ etí rẹ̀ ṣì wà níta.

“Ta lò ń retí?” ni ẹ̀gbọ́n bi í.

Ó ní kò sí ẹnì kankan.

Ẹ̀gbọ́n ká aṣọ tó ń rán, ó gbé àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, òun náà kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

“Èmi náà,” ó ní.